Àtọ̀gbẹ: Ìtàn Àìsàn Kan àti Ayé Ẹni Tí Ó Ń Bá A Gbé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ọba tí ó tẹ ìlú dó. Ìtàn àìsàn kan ni. Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Òkèihò dé Kìṣí, kò sí ìlú kan ní Òkè-Ògùn tí wọn kò ti mọ orúkọ rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú orúkọ náà wò, nítorí pé orúkọ a máa pa ìtàn mọ́. Ẹni tí ó bá ní àìsàn yìí tí a kò tọ́jú rẹ̀, yóò máa tọ̀ lọ́sàn-án, yóò máa tọ̀ lóru, òùngbẹ yóò máa gbẹ ẹ́, yóò máa jẹun, síbẹ̀ ara rẹ̀ yóò máa joro. Ó ń tọ̀, ó sì ń gbẹ. Ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, dókítà kan wà tí ń jẹ́ Aretaeus, ará Kapadókíà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àìsàn yìí dà bí ìgbà tí ẹran ara ènìyàn bá ń yọ́ tí ó sì ń bá ìtọ̀ lọ. Àwọn baba wa kò ka ìwé Aretaeus, ṣùgbọ́n ẹ wò bí wọ́n ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà sínú orúkọ kan ṣoṣo.

Orúkọ kejì tí a ń pè é ni ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Íńdíà ti mọ̀ láti ayébáyé pé ìtọ̀ aláìsàn yìí a máa dùn, nítorí pé èèrà a máa wọ́ tọ̀ ọ́. Ìtọ̀ oyin ni wọ́n ń pè é ní èdè tiwọn. Àwọn àgbà ilé tiwa náà a máa wo ibi tí ènìyàn tọ̀ sí, bóyá èèrà bò ó. Ní 1776 ni dókítà kan ní ìlú Liverpool, Matthew Dobson, gbé ìtọ̀ aláìsàn kaná títí omi rẹ̀ fi gbẹ tán. Ohun tí ó kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò rí bí ṣúgà lójú, ó sì dùn bí ṣúgà lẹ́nu. Ó tún fi hàn pé adùn náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe nínú ìtọ̀ nìkan.

Orúkọ kejì yìí ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Wọ́n rò pé ẹni tí kò bá ti fi ṣúgà sínú ògì rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà, àti pé ẹni tí ó bá ní i kò ní ohun mìíràn láti ṣe ju kí ó jáwọ́ nínú ṣúgà lọ. Ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmàlà tí a jẹ, ẹ̀kọ tí a mu, ìrẹsì tí a jẹ níbi ìnáwó, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ara ń sọ gbogbo wọn dà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀tá wa: òun ni a fi ń kọ ebè, òun ni ọmọ ilé-ìwé fi ń ronú ìṣirò. Ṣùgbọ́n kò lè dá wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹran ara. Ìránṣẹ́ kan ni ó ń kan ilẹ̀kùn fún un. Ínsúlìn ni orúkọ ìránṣẹ́ náà, ẹ̀yà ara kan tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí àwọn dókítà ń pè ní páńkíríà, ni ó sì ń rán an jáde.

Bí ayé ṣe mọ èyí, ìtàn gidi ni. Ní 1889, ní ìlú Strasbourg, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering yọ páńkíríà kúrò nínú ajá kan, ajá náà sì di alátọ̀gbẹ. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ènìyàn ti mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n wá ìwòsàn sí, ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n ju 30 ọdún lọ kí wọ́n tó rí i. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọmọdé tí àìsàn yìí bá mú kò ní oògùn. Ebi ni àwọn dókítà fi ń tọ́jú rẹ̀: wọn yóò dín oúnjẹ rẹ̀ kù títí yóò fi ku eegun, kí ó ṣáà lè fi oṣù díẹ̀ kún ọjọ́ rẹ̀. Ẹ ronú sí ìyá tí a ní kí ó máa fi ebi pa ọmọ rẹ̀ kí ọmọ náà má bàa kú.

Ní ọdún 1921 ni Frederick Banting àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Charles Best bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, nínú yàrá ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Macleod. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1922, wọ́n gún ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Kò ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí pé oògùn náà kò mọ́ tó. James Collip jókòó tì í, ó sẹ́ ẹ títí ó fi mọ́, wọ́n sì tún gún ọmọ náà ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà. Ọmọ tí ó ti ń kú lọ dìde. Ó tún lo ọdún 13 sí i láyé. Ní 1923 wọ́n fún Banting àti Macleod ní ẹ̀bùn Nobel. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé máa rántí jù lọ nínú ìtàn yìí ni pé àwọn tí ó ni ẹ̀tọ́ sí oògùn náà ta ẹ̀tọ́ wọn fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kan péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi í ṣe òwò àjẹṣẹ́kù. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ owó láìpẹ́.

Ní 1936 ni dókítà kan ní London, Harold Himsworth, kọ̀wé pé oríṣi àtọ̀gbẹ méjì ni ó wà. Nínú oríṣi kìíní, ìránṣẹ́ kò sí mọ́ rárá. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni ó sábà máa ń mú, kò sì sí ohun tí a lè ṣe láìsí abẹ́rẹ́ ínsúlìn. Nínú oríṣi kejì, ìránṣẹ́ wà, ó ń kan ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n onílé ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ara yóò wá máa rán ìránṣẹ́ lé ìránṣẹ́, títí yóò fi rẹ ẹni tí ń rán wọn. Oríṣi kejì yìí ni ó pọ̀ jù láàárín wa, àgbàlagbà ni ó sì sábà máa ń mú. Ó burú ní ti pé kì í pariwo wá. Ènìyàn lè ní i fún ọdún púpọ̀ kí ó má mọ̀, kí ó máa rò pé àgbà ni ó ń dé.

Ní ilé wa ńkọ́? Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé-ìwòsàn ńlá ti Ìbàdàn tí gbogbo wa ń pè ní UCH. Ní ọdún kan náà, Jean Sterne ní ilẹ̀ Faransé kọ̀wé nípa oògùn metformin, tí ó di oògùn tí àwọn alátọ̀gbẹ oríṣi kejì ń lò jù lọ ní gbogbo ayé. Lára ewéko kan tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Òyìnbó mọ̀ ni ìmọ̀ oògùn náà ti ṣẹ̀. Mo sọ èyí nítorí àwọn tí ń rò pé dókítà kórìíra ewé. Dókítà kò kórìíra ewé. Ó fẹ́ mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni, àti ohun tí ó ń ṣe sí kíndìnrín.

Ní 1963 Dókítà Kinnear kọ̀wé nípa bí àtọ̀gbẹ ṣe rí láàárín àwọn tí ń wá sí UCH. Ní 1971 ni Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn tiwọn jáde lórí 832 aláìsàn. (Ọ̀ṣúntókun yìí náà ni ó wádìí ohun tí májèlé inú pákí tí a kò ṣe dáadáa ń ṣe sí ẹsẹ̀ àti ojú ènìyàn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ẹni tí ó bá sọ pé àìsàn Òyìnbó ni àtọ̀gbẹ, kí ó lọ ka ìròyìn 832 ènìyàn náà. Ní 1992, ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akinkugbe jẹ́ alága rẹ̀ wádìí káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì rí i pé nínú 100 àgbà, ó lé ní 2 tí ó ní i. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan kó gbogbo ìwádìí tí a ti ṣe ní ilẹ̀ yìí jọ, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ sí bí 5.8 nínú 100. Kì í ṣe pé gbogbo ìwádìí ni a ṣe lọ́nà kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà ń gbà hàn gbangba.

Ìwádìí kan tún wà tí ó yẹ kí ó mú wa ronú. Ní 1997, Richard Cooper, Charles Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe àfiwé àwọn ènìyàn dúdú ní Nàìjíríà, ní àwọn erékùṣù Karíbíà, ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá kan náà ni a lè pè wọ́n, nítorí pé àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni a kó lẹ́rú láti ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ní Nàìjíríà, ẹni 2 nínú 100 ni ó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì. Lókè òkun, ó wà láàárín 9 àti 11. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Bí wọ́n ṣe ń gbé ayé ni ó yàtọ̀. Àwọn òbí àwọn òbí wa ní Òkè-Ògùn a máa fi ẹsẹ̀ lọ sí oko ẹgàn, wọn a roko títí oòrùn yóò fi kan àtàrí, wọn a sì ru iṣu bọ̀ wálé. Lónìí ọ̀kadà ni ó ń gbé wa lọ sí oko etílé. Àmàlà wa kò dín kù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ń jó o tán ti dín kù. Kì í ṣe pé mo bú ọ̀kadà o. Èmi náà ń gùn ún.

Títí dé ibi tí a dé yìí, ìtàn bí a ṣe ń fi ọdún kún ọjọ́ orí aláìsàn ni mo ń sọ. Ìbéèrè kan wá yọjú nígbà tí ọdún pọ̀: irú ọdún wo ni? Ènìyàn lè wà láàyè kí ayé má dùn mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n dá Àjọ Ìlera Àgbáyé sílẹ̀, nínú òfin rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1948, wọ́n kọ ọ́ pé ìlera kì í ṣe àìsí àìsàn nìkan. Ó kan ara, ó kan ọkàn, ó sì kan àjọgbé ènìyàn pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí jọ ọ̀pọ̀ lójú bí ọ̀rọ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yorùbá bá kí ara wọn, ṣé ara nìkan ni wọ́n ń béèrè? Ṣé àlàáfíà ni? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tí a kí báyìí ti dáhùn ìbéèrè gbogbo tí àjọ náà ń fẹ́ mọ̀.

Ní àwọn ọdún 1990 ni àjọ náà wá ṣe ìwé ìbéèrè kan láti fi wọn bí ayé ènìyàn ṣe rí lójú ara rẹ̀. Èyí tí ó kúrú nínú rẹ̀ ní ìbéèrè 26. Ó béèrè nípa ìrora àti oorun, nípa ìbànújẹ́, nípa ọ̀rẹ́ àti ọ̀rọ̀ tọkọtaya, nípa owó, ilé, ọkọ̀ wíwọ̀, àti bí ó ti rọrùn tó láti rí ìtọ́jú. Àwọn onímọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n dán an wò lára àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2006.

Ní ti àtọ̀gbẹ gan-an, ìwádìí tí ó lókìkí jù ni èyí tí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Aláìsàn oríṣi kejì tí ó lé ní 5,000 ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún púpọ̀. Ní 1998 wọ́n kéde pé ẹni tí ó bá fi oògùn àti oúnjẹ ṣọ́ ṣúgà rẹ̀ gidigidi dín ìbàjẹ́ ojú, kíndìnrín àti iṣan kù ní ìdámẹ́rin. Ní 1999 ni wọ́n sọ ti ìgbé-ayé. Àwọn kan ti rò pé oògùn púpọ̀ àti ìṣọ́ra púpọ̀ ni yóò ba ayé aláìsàn jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú kò ba ayé wọn jẹ́. Àwọn ìyọnu tí àìsàn náà ń bí nígbà tí ó bá ti pẹ́ lára ni ó bà á jẹ́. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí òun ni a óò gbé wá sí Òkè-Ògùn báyìí.

Ẹsẹ̀ ni kí a fi ṣáájú. Ṣúgà tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ a máa ba àwọn iṣan tíntìntín tí ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ jẹ́. Ẹsẹ̀ yóò kọ́kọ́ máa ta, yóò máa jó ẹni lóru bí ẹni pé ata wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò kú tipiri. Ẹni tí ó ti ń joró ìrora á wá rò pé ara òun ti yá. Ó ń dàgbà sí ewu ni. Ìrora ni olóde tí ń ṣọ́ ẹsẹ̀. Nígbà tí olóde bá ti sùn, olè lè wọlé. Ẹ sì wo ilẹ̀ tí a ń gbé: òkúta Ṣakí, kùkùté oko, ẹ̀gún, ọkọ́ àti àdá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú lè tẹ ìṣó kí ó rìn ín dé ilé, bàtà rẹ̀ yóò kún fún ẹ̀jẹ̀, kò sì ní mọ̀. Nígbà ọyẹ́, tí atẹ́gùn gbígbẹ bá ń fẹ́ láti òkè wá, gìgísẹ̀ a máa sán, òtútù òwúrọ̀ a sì mú kí gbogbo ilé yí iná ká. Alátọ̀gbẹ tí ó na ẹsẹ̀ sí iná lè jóná kí ó tó gbóòórùn rẹ̀. Egbò irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jiná bọ̀rọ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè dé ibẹ̀ dáadáa, bí ó bá sì rà, gígé ni ó kù.

Nígbà tí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ àgbẹ̀, kí ni wọ́n gé? Oko rẹ̀ ni. Ipò rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ọmọ tí yóò máa gbé e lọ sí ilé-ìyàgbẹ́ ni yóò sọ fún wa bí ọkàn bàbá rẹ̀ ṣe rí. Síbẹ̀ ohun tí ń dáàbò bo ẹsẹ̀ kò wọ́n. Kí a má rìn láìwọ bàtà, nínú ilé pẹ̀lú. Kí a máa gbọn inú bàtà wò kí a tó wọ̀ ọ́. Kí a má fi ẹsẹ̀ wá bí omi gbígbóná ti rí. Kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ wò ó. Ní alaalẹ́, kí ọmọ kékeré kan mú iná wá kí ó yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá tàbí ìyá àgbà wò, títí kan àárín ọmọ ìka. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ yín nìyí. Ojú àgbà lè má rí àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Ojú tiyín mú.

Ojú ni ó tẹ̀ lé e, kò sì sí ibi tí ó ti lè dunni tó Ìsẹ́yìn. Gbogbo ayé mọ Ìsẹ́yìn mọ́ aṣọ òfì. Ahunṣọ jókòó láti òwúrọ̀, ó ń ju ọ̀kọ̀, ó ń ka òwú, ó ń ṣọ́ ibi tí àwọ̀ ti pàdé. Àtọ̀gbẹ a máa ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ẹ̀yìn ojú jẹ́, láìsí ìrora, láìjẹ́ pé ojú pọ́n. Nígbà tí ahunṣọ bá fi máa mọ̀ pé òun kò rí okùn òwú mọ́, ó ti pẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ lọ nìyẹn, orúkọ rẹ̀ sì bá a lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ó yẹ kí oníṣègùn ojú yẹ ẹ̀yìn ojú wò, bí ẹni náà tilẹ̀ ń rí kedere, nítorí pé nígbà tí ó ń rí kedere gan-an ni ìtọ́jú ń wúlò jù. Ahunṣọ sì ń jókòó ní gbogbo ọjọ́. Bí ó bá ń dìde rìn yí agbo ilé ká lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò dínkù, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀. Níbí ni mo ti ń bínú jù. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá sọ fún ènìyàn pé ó ní àtọ̀gbẹ, kíá ni ará ilé àti ará àdúgbò yóò ti di dókítà. Má jẹ àmàlà mọ́. Má fi ẹnu kan iṣu. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú àti ẹ̀wà nìkan ni tìrẹ títí ọjọ́ ayé. Wọn yóò wá gbé ìkòkò tirẹ̀ sọ́tọ̀, abọ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀, yóò máa dá jẹun ní kọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ ìlú. Ní ìlú tí ó jẹ́ pé èlùbọ́ rẹ̀ ni Ìbàdàn ń jẹ, a ní kí ènìyàn máa wo àmàlà láti òkèèrè! Kì í pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí jí i jẹ.

Ìwọ̀n ni dókítà ń sọ, kì í ṣe ìkà. Kí àmàlà kéré, bí ìkúùkù ọwọ́ ẹni kan. Kí ewédú, ilá, ẹ̀fọ́ àti gbẹ̀gìrì pọ̀. Kí ẹja tàbí ẹran díẹ̀ wà níbẹ̀. Kí àsè òru kúrò nílẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú pàápàá, tí a bá jẹ ẹ́ kún agbọ̀n, ṣúgà ni yóò dà. Oúnjẹ tí ó dára fún alátọ̀gbẹ dára fún gbogbo ilé: ìkòkò kan náà ni kí wọ́n gbé kaná, kí gbogbo wọn jẹ ẹ́, kí wọ́n sì jọ jẹ ẹ́. Ọkùnrin tí ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun láti inú abọ́ kan náà kò ní rí ara rẹ̀ bí aláìsàn.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá oúnjẹ rìn, àwọn Mùsùlùmí sì pọ̀ ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Ẹni tí ó ń lo oògùn tí kò sì jẹun ní ọ̀sán, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi dákú. Kùránì fúnra rẹ̀ yọ aláìsàn sílẹ̀. Kí ó bá dókítà àti ààfáà sọ̀rọ̀ kí oṣù tó lé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti ṣubú.

Mo ṣèlérí ọ̀rọ̀ owó. Oògùn tí wọ́n ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní dọ́là kan ti di ohun tí ọ̀pọ̀ kò lè rà. Ní 2023, nígbà tí náírà já wálẹ̀, owó oògùn gòkè lójijì, nítorí pé púpọ̀ nínú oògùn wa láti òkè òkun ni ó ti ń wá. Ṣùgbọ́n fún àgbẹ̀, ìṣòro mìíràn wà tí àwọn tí ń gba owó oṣù kì í rí. Oògùn ń fẹ́ owó lóṣooṣù. Oko kì í mú owó wá lóṣooṣù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iṣu ti jáde tí èlùbọ́ ti gbẹ, owó wà, aláìsàn ń lo oògùn, ara rẹ̀ ń yá. Nígbà tí òjò bá dé, tí aká ti ṣófo, tí owó ti wọ inú ebè lọ, oògùn dúró. Yóò máa sọ fún dókítà pé òun ń lò ó, irọ́ sì kọ́ ni lójú rẹ̀. Ibi tí ẹgbẹ́ àjọ àti èésú ti lè ṣe iṣẹ́ nìyí: bí a ti ń dá owó fún aṣọ àti ìnáwó, a lè dá a fún oògùn oṣù òjò. Òfin ìdójútófò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2022 sọ pé kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Kí olúkúlùkù lọ béèrè bí ó ṣe lè wọlé, ní ilé-ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ ọn ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn.

Ọ̀nà jíjìn náà ń gba owó. Ẹni tí wọ́n bá ní kí ó lọ sí Ìbàdàn láti Ṣakí, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ rẹ̀, àti ti ẹni tí ó tẹ̀ lé e, lè pọ̀ ju owó oògùn lọ. Iná mànàmáná sì ńkọ́, fún àwọn tí ń lo ínsúlìn, tí kò gbọ́dọ̀ gbóná jù? Ẹ má fojú di àmù ìyá àgbà. Ìkòkò amọ̀ kékeré nínú ńlá, yanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ tútù lórí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, a máa dín ooru kù dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí a fi ínsúlìn sínú ike kí omi má kàn án.

Ó ku ohun tí àwọn ènìyàn kì í sọ. Àtọ̀gbẹ a máa dín agbára ọkùnrin kù. Ọkùnrin kò ní sọ fún dókítà, kò ní sọ fún ìyàwó. Ìyàwó yóò rò pé ó ti lọ síta, òun yóò rò pé wọ́n fi ṣe òun, owó tí ó yẹ kí ó fi ra oògùn yóò sì bá àwọn oníjìbìtì lọ. Ìtọ́jú wà fún un, bí ó bá lè la ẹnu. Ìbànújẹ́ ọkàn náà wọ́pọ̀ láàárín àwọn alátọ̀gbẹ ju bí ó ti wà láàárín àwọn ẹlòmíràn lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì kì í rántí oògùn, kì í ṣọ́ ẹsẹ̀, a sì máa pè é ní ọ̀lẹ tàbí olórí kunkun.

Ní 1954, ní Aró ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí gbogbo ayé wá wò. Kò ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́lé. Ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká, ìbátan kan sì gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kí ó máa sè fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Mo rò pé ọ̀nà náà bá àtọ̀gbẹ mu gan-an. Nítorí náà, bí ẹ bá sin bàbá yín lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má jókòó síta lábẹ́ igi títí yóò fi jáde. Ẹ tẹ̀ lé e wọlé. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni ó ń sebẹ̀ nílé, òun gan-an ni kí ó gbọ́ ohun tí dókítà wí nípa àmàlà, kí ó sì béèrè èyí tí kò bá yé e.